Fóltì nìkan kọ́ ló ń gba iná sí fóònù

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. O ní o tẹ́ ọ̀rá PVDF, ìyẹn ọ̀rá tó ń ta iná bí a bá tẹ̀ ẹ́, sábẹ́ gìgísẹ̀ bàtà fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ, mítà ń gbé 20 fóltì bí o bá tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ fóònù ò gba iná rárá. Kubwa níbí lèmi náà ti ń bá ọ̀rá yìí fà á, ojú mi sì ti rí tó lórí ẹ̀.

Ọ̀rá rẹ ò bàjẹ́. Òótọ́ ni fóltì yẹn, kọ́rẹ́ǹtì ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Bí o bá tẹ ọ̀rá náà, ó ta iná díẹ̀. Bí o bá gbé ẹsẹ̀, ó tún ta díẹ̀ sódìkejì. Bí o bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí nǹkan kan. Paradiso àti ẹnìkejì rẹ̀ ní yunifásítì MIT, Amẹ́ríkà, gbé èsì bàtà wọn jáde ní 2001: PVDF fún wọn ní nǹkan bíi mílíwáàtì 1.3 (mílíwáàtì ẹgbẹ̀rún kan ló ń jẹ́ wáàtì kan). PZT, tánganran tóun náà ń ta iná bí a bá tẹ̀ ẹ́, fún wọn ní nǹkan bíi 8, ṣùgbọ́n ó ń fọ́, òjé sì wà nínú rẹ̀. Mi ò ní fi sínú bàtà ọmọ mi. Wàyí o, bátìrì fóònù 5000 mAh ń gba nǹkan bíi wáàtì 18 fún wákàtí kan. Pẹ̀lú mílíwáàtì 1.3, wàá rìn tọ̀sán-tòru ju ọdún kan àbọ̀ lọ kó tó kún.

Nítorí náà, gbàgbé fóònù. Ra LTC3588-1, ṣíìpù kékeré tó ń kó irú iná díẹ̀díẹ̀ yìí jọ. Diode tirẹ̀, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, wà nínú rẹ̀, yóò máa kó iná jọ sínú capacitor títí á fi tó nǹkan bíi fóltì 5, kó tó tú u sílẹ̀ ní 3.3. Má lo diode Schottky, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta Àbújá yìí. Ohun tó ń jò lára rẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tí ọ̀rá ń mú wá lọ.

Ibi tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ibi tí wáyà ti so mọ́ ọ̀rá. Má fi irin solder kàn án láé: bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 80°C, agbára rẹ̀ ń lọ nìyẹn. Gbé ọ̀rá náà sójú ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti rìn dáadáa. Bí o bá rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun nídìí wáyà, fàdákà tí wọ́n fi kun ojú rẹ̀ láti gbé iná ti ya. Fa ìdí wáyà wá sí kòtò àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí bàtà kì í ti í ká púpọ̀. Fi láílọ́nù dí i pa, torí òógùn ń jẹ́ kí iná jò lọ létí rẹ̀. Bí shúmékà bá máa rán an fún ọ, dúró tì í: bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ̀rá, ó lè fa fàdákà òkè kan ti ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ á sì kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí bàtà náà máa fi rédíò kékeré ránṣẹ́ nígbàkígbà tí capacitor bá kún. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì kankan, ó sì lè sọ fún ọ bóyá bàbá àgbà nílé ṣì ń rìn. Fi fọ́tò ìdí wáyà rẹ ránṣẹ́ kí n wò ó.