"Ìgbà ò lọ bí òréré" kì í ṣe èpè

Arábìnrin kan béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Àbúrò rẹ̀ ń ránṣọ l'Ágbádárìgì níbí. Omi òjò ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ba máṣíìnì àti aṣọ oníbàárà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn wá kí i, ó ní: "Ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn, ìgbà ò lọ bí òréré." Ni oníwàásù kan bá ní èpè ni bàbá náà gbé e ṣẹ́, kó dá a padà, kó máa kéde pé ìgbà tòun á lọ bí òréré. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Inú sì ń bí mi, torí n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ àlàyé burúkú yìí. Ẹni tí nǹkan ṣe ni àgbà ń pa òwe yẹn fún. Ọ̀pá ìbọn gún láti ìdí dé ẹnu. Òréré nà tàntàn títí dé ibi tí ojú lè ríran mọ. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí bàbá ń sọ fún ọmọ náà ni pé, "Ibi tó ti wọ́ lo dé yìí, ọ̀nà ò tíì parí." Ìtùnú pọ́nńbélé ni. Àwọn kan máa ń fi kìlọ̀ fún olówó tó ń gbéraga. Wọn ò jayò pa, ṣùgbọ́n "ìgbà kan ò lo ilé ayé gbó" ló bá olówó mu jù.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi, àdín àgbọn ló ń ṣe tà. Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ fún un pé ọkọ̀ tó kó àdín rẹ̀ dojú dé nínú ọ̀sà, àgbọn ló ń rin lọ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìgbà ò lọ bí òréré, Olúwa ló ni ìgbà." Ó bá tún rin àgbọn lọ. Nígbà tó yá, ó fún omi rẹ̀, ó gbé e kaná, ó jókòó tì í títí òróró fi léfòó, ó sì ń fi ṣíbí rẹ́ ẹ lójú.

Ohun tí mo dì mú nìyẹn: òwe yẹn sọ pé ìgbà ń yí, kò sọ ọwọ́ ẹni tó wà. Onígbàgbọ́ ló máa ń sọ ìyẹn mọ́ ọn. Ṣebí Dáfídì ti sọ ọ́ nínú Orin 31: "Ìgbà mi ń bẹ ní ọwọ́ rẹ."

Bí ìgbà Kristẹni kì í bá wọ́, kí la fẹ́ wí nípa Àjàyí Crowther? Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Nígbà tó yá, ó dòmìnira, ó sì di míṣọ́nnárì. Ní oṣù kìíní 1845, òun àti àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó méjì, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà dí. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tí ì bá gbà wọ́n lálejò ti kú, ogun wà lójú ọ̀nà. Bí ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọdé níwèé. Oṣù kẹjọ 1846 ni Àjàyí àti Townsend tó dé Abẹ́òkúta, oṣù yẹn náà ni ìyá Àjàyí gbọ́ pé ọmọ òun dé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn ò ti fojú kan ara wọn! Nígbà tí wọ́n ríra, ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu wọn, ẹkún ni. Ní 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà.

Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń ya fọ́tò níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì létí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ìdúró yẹn fún àwọn ọmọ? "Mo kọ̀ ọ́, kì í ṣe ìpín mi" nìkan la fi ń kọ́ wọn. Ìwé Oníwàásù orí kẹta ní ìgbà ẹkún wà, ìgbà ẹ̀rín wà. Ṣé oníwàásù yẹn ti fa ojú ewé yẹn ya ni?

Kí àbúrò yín má dá nǹkan kan padà. Kó lọ kúnlẹ̀ kí bàbá yẹn, kó dúpẹ́. Kó sọ òótọ́ fún àwọn tí aṣọ wọn bàjẹ́. Ẹ̀yin náà, bí ẹ ti ń gbàdúrà, ẹ bá a wá ẹni tó máa yá a ní máṣíìnì.