Kọ̀ǹpútà Yín Kò Lé Yín Jáde, Ilẹ̀kùn Ló Tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Agbowó. Bí mo bá dìde nídìí láptọ́ọ̀pù mi lọ ṣe fótòkọ́pì fún oníbàárà, kí n tó padà dé ó ti logout, á tún ní kí n tẹ password. Ẹnì kan ní kí n mú ₦3,000 wá, òun á bá mi yọ password náà kúrò pátápátá. Ṣé kí n gbé e fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e fún un.

Mo ti dáhùn irú ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi, “ó logout” náà ni gbogbo èèyàn sì ń sọ. Kò logout. Bí ẹ bá tẹ password tán, ṣé iṣẹ́ yín ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí, tí ìlà kékeré yẹn ṣì ń ṣẹ́jú láàárín gbólóhùn tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́? Bó bá wà, ilẹ̀kùn lásán ló tì. Kò sẹ́ni tó kó ẹrù yàrá. Logout gidi á kọ́kọ́ pa Word, á pa Chrome, kó tó gbé yín síta. Bó bá jẹ́ pé ẹ padà dé tí ẹ bá gbogbo rẹ̀ ní pípa, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn: bóyá bátìrì ló kú, tàbí Windows ṣe update tó sì tan ara rẹ̀ padà. Ti update yẹn, ẹ wá Active hours nínú Windows Update, kí ẹ fi wákàtí iṣẹ́ yín síbẹ̀.

Ó dà bíi pé tiyín kì í ṣe ìyẹn. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ Power. Ẹ ó bá ìṣẹ́jú tí ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣókùnkùn níbẹ̀, àti ìṣẹ́jú tó fi ń sùn. Àmọ́ méjì méjì ni wọ́n: ti ìgbà tí láptọ́ọ̀pù wà lára iná, àti ti ìgbà tó wà lórí bátìrì. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìnà. Ẹ ó sún ti iná sí wákàtí kan, ẹ ó ní ó ti bùṣe. Ọ̀sán á pọ́n, iná á lọ, kí ẹ tó fa jẹnẹrétọ̀ tán, láptọ́ọ̀pù ti bọ́ sórí bátìrì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 3 tàbí 5 tí ẹ kò fọwọ́ kàn yẹn ló wá ń ká a mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ sún ti bátìrì náà sí 20 tàbí 30. Ẹ má fi sí Never, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kí bátìrì kú kí ẹ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ fótòkọ́pì.

Ó ku ọ̀rọ̀ yíyọ password, òun ló ń bí mi nínú jù. Obìnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi nígbà kan. Ọmọkùnrin kan ti bá a “yọ password”. Format ló format rẹ̀! Password lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n project àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó wà lórí Desktop bá a lọ. Mo yí láptọ́ọ̀pù náà dojú dé: password ọ̀hún wà lábẹ́ rẹ̀, lórí bébà tó fi sẹ́lótéépù lẹ̀ mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀!

Ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ń ní kí ẹ lọ wa sọ́fítíwià tó ń mi máòsì, kí kọ̀ǹpútà má baà sùn, wá láti ibi tí ẹ kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní ní kí ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wà láìní password. NIN àwọn èèyàn wà nínú ẹ̀rọ yẹn, email wọn wà ní ṣíṣí, oníbàárà sì ń nàgà lé yín léjìká. Bó bá jẹ́ ilé ni ẹ ti ń lò ó, tí ẹ̀yin nìkan ń lò ó, ẹ wọ Accounts, Sign-in options. Ẹ lè ní kó má béèrè password mọ́ bó bá jí lójú oorun. Password ṣì wà fún ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ. Kò gba kọ́bọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kó máa béèrè, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú L láti tì í fúnra yín kí ẹ tó dìde.

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń darí àwọn ètò yìí, ó lè jẹ́ pé tòkunbọ̀ tí ẹ rà ṣì so mọ́ ọ́fíìsì tó lò ó tẹ́lẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e padà fẹ́ni tó tà á. Bó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ẹlòmíràn ni, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ, mi ò sí níbẹ̀ o. Ti ìkànnì báńkì tó ń lé yín jáde, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú. Kò sí ohun tí ẹ lè yí nínú Settings tó kàn án.

Mi ò tíì fojú rí láptọ́ọ̀pù yín, nítorí náà bí kò bá gbọ́, ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ oníbàárà sórí fláàṣì ná, kódà bó ṣe ọ̀dọ̀ tèmi ni ẹ ń gbé e bọ̀.