Ọmọ mi mọ ABC dáadáa, àmọ́ kò lè kàwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 5, ó máa ń kọrin ABC látòkè délẹ̀ láì ṣì í, ìwé tí wọ́n fún un ní síkúù náà, geere ló ń kà á. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo fọwọ́ bo àwòrán, ló bá dákẹ́, ó ń wojú mi. Àṣé ó ti há gbogbo ẹ̀ sórí ni! Tíṣà ẹ̀ ní ká ra ìwé phonics, èyí tó ń fi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, bàbá ẹ̀ ní ìnákúnàá ni, pé ṣebí àwa náà kàwé láìsí phonics. Kí ni kí n ṣe? Màmá kan, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ má nà án o, ọmọ tó lè há odindi ìwé sórí kì í ṣe olódo (èmi ò lè ṣe é mọ́). Orúkọ lẹ́tà ló mọ̀, kò tíì mọ ìró wọn. Ẹ pe c, a, t lórúkọ, síì, éè, tíì, ibo ni "cat" wà nínú ìyẹn? Bàbá ẹ̀ gan-an, ṣé kò rántí ABD ni, b-a ba, b-e be, b-ẹ bẹ? Phonics náà nìyẹn, a kàn ò pè é bẹ́ẹ̀ ni. Tiwa tiẹ̀ rọrùn, lẹ́tà 25, bá a ṣe kọ ọ́ la ṣe ń pè é, àmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà 26 ló ń ru ẹrù ìró bíi 44, ìyẹn ló ń da ọmọ láàmú.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí ìwé náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó dáa máa ń fi ìró díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń fi s, a, t, p, i, n bẹ̀rẹ̀, torí mẹ́fà yẹn nìkan ti tó kọ sat, pin, tap, nap. Tẹ́ ẹ bá rí "elephant" lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ dá a padà.

Ẹnu àwa Yorùbá ló wá kù. A ò lè pe s kó má ní fáwẹ̀lì nídìí, "sì, à, tì" la máa ń wí, ọmọ á so ó pọ̀, á di "síàtì", ẹ ó ní kò gbọ́n! Ẹ fà á, ssss, aaa, kẹ́ ẹ wá ge t yẹn kúrú. P náà ń kọ́, p inú "pupa" k àti p ló jọ ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ti "pin" ètè nìkan ni. N inú "tin" sì rèé, tá a bá fi ẹnu Yorùbá pè é, imú ló ń gbà lọ, ti Gẹ̀ẹ́sì ahọ́n gbọ́dọ̀ kan òkè ẹnu. Ní tèmi, mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé p ilé wà, p síkúù wà, ó sì máa ń yé wọn ju àgbà lọ.

Ìṣẹ́jú 10 lálaalẹ́ ti tó, lẹ́yìn oúnjẹ, kí fóònù jìnnà. Tí kò bá sówó ìwé méjì, ẹ gé páálí bisikíìtì, ẹ kọ lẹ́tà sí i, kó máa tò ó. Tẹ́ ẹ bá sì ń fura pé ó tún ti há tuntun yìí náà sórí, ẹ ní kó ka ọ̀rọ̀ ojú ìwé náà láti ìparí bọ̀ wá síbẹ̀rẹ̀.