Èsì: Géèmù fún ọmọ ọdún 5

Ìyá Ìbejì ti Ṣágámù, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní ìpolówó ti pọ̀ jù nínú géèmù táwọn ìbejì ọmọ ọdún 5 yín ń ṣe lórí fóònù. Ẹ dán GCompris wò, àkójọ géèmù ẹ̀kọ́ fún ọmọdé: ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, ọmọ ọdún 2 sí 10 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kó gba àwọn ohùn rẹ̀ wọlé tán kí ẹ tó pa dátà.

Ẹ má fi àmì PEGI 3 (àmì ilẹ̀ Yúróòpù tó ń sọ pé géèmù yẹ ọmọ ọdún 3 sókè) nìkan yan géèmù o. Nǹkan bí ìjà, ẹ̀rù àti èébú ló ń wò, kì í sọ bí géèmù ṣe le tó.

Nínú Settings Play Store, ẹ ṣètò kó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kò lè mọ bọ́tìnì ìràjà yàtọ̀ sí ti eré, owó ewùrà ìkọ́kọrẹ́ á kàn wọgbó ni!