Kí o tó kọ̀wé sí wọn, yanjú ọ̀rọ̀ ilé ná

Àbúrò, o ní o fẹ́ wọ àwùjọ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ Kátólíìkì, ìyẹn àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti gbé láìní ohun ìní, láìfẹ́yàwó àti ní ìgbọràn, o wá ń béèrè àdúrà tí wàá máa gbà kí wọ́n lè gbà ọ́. O tún fẹnu bà á pé gbèsè díẹ̀ wà lọ́rùn ẹ, àti pé ìyá ẹ ò tíì gbọ́. Máa lọ sí Mísà, máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ déédéé, kí o sì wá àlùfáà tàbí bùrọ̀dá àgbà kan (ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tí kì í ṣe àlùfáà) tí o lè tú inú ẹ fún. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ títí ayé, ọ̀rọ̀ ilé tí wọn ò yanjú ni mo rí tó ń dá ọ̀pọ̀ ọkùnrin padà lójú ọ̀nà.

Gbèsè ni kó ṣáájú. Òfin 644 nínú ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983 ní kí wọ́n má gba ẹni tó jẹ gbèsè tí kò lè san. Nígbà tí èmi kọ̀wé, mo ṣì ń san owó tí mo yá fún ilé ẹ̀kọ́ àbúrò mi obìnrin. Wọ́n ní kí n lọ san án tán. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n rò ó wò: tí o bá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́, àwùjọ ló ni gbogbo ohun tí o bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ rí. Kí lo fẹ́ fi san gbèsè? Ẹni tó máa tọ́jú ìyá ẹ lọ́jọ́ ogbó ńkọ́? Ìwọ àtàwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá ni kẹ́ ẹ jókòó sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ìyá má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta.

Àwùjọ kan ò jọ ìkejì. Àwọn Brothers ti De La Salle kì í jẹ àlùfáà, iṣẹ́ olùkọ́ ni tiwọn. Ọdún méjì ni àwọn Jesuit ń lò ní novitiate, ìyẹn àkókò ìdánwò àti ẹ̀kọ́ ṣáájú ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì máa ń fi ọgbọ̀n ọjọ́ gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́. Mọ́ńkì Benedict ń jẹ́jẹ̀ẹ́ láti dúró sí ilé kan títí ọjọ́ ikú. Mọ èyí tí ọkàn ẹ ń fà sí, kí o sì lọ gbé lọ́dọ̀ wọn fúngbà díẹ̀.

Tí o bá débẹ̀, yọjú sí ilé ìdáná, kí o wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn àgbà. Ní novitiate, wọ́n fi mí ti bùrọ̀dá arúgbó kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Láràárọ̀, èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù, ṣùgbọ́n bàbá á kọ́kọ́ gbìyànjú gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. Tí mo bá yára nawọ́, wọ́n á gbá a dànù. Agogo àdúrà á ti dún, wọ́n ṣì ń wá ihò kejì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí mo ṣe lè dúró de ẹlòmíì láìbínú, ìwé kankan ò kọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ báyìí: bá ẹlòmíì gbé yàrá kan, se oúnjẹ fún ẹni tí kò ní dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún ò yẹ kó dẹ́rù bà ọ́. Ọmọ ọdún 17 lè wọ novitiate. Novitiate náà kò gbọ́dọ̀ dín ní oṣù 12, bẹ́ẹ̀ ni tí o bá fi ilé náà sílẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, wọn ò ní kà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ́ onígbà díẹ̀, ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, tó lè gùn dé mẹ́sàn-án. Novice, ìyẹn ẹni tó wà ní novitiate, tó bá fẹ́ lọ, òmìnira wà fún un láti máa lọ.

Ní ti ìwé, wọ́n máa béèrè ẹ̀rí ìrìbọmi àti ìfẹsẹ̀múlẹ̀, ẹ̀rí pé o ò níyàwó, àti àyẹ̀wò ara. Má fi àìsàn kankan pa mọ́ fún wọn. Tí o bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú àwùjọ mìíràn rí tí o sì fi pa mọ́, òfin 643 sọ pé ìgbàwọlé ẹ ò dúró. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, kí o kọ iye gbèsè tó kù náà sí i.