Ètò kọ́ọ̀sì fún ọmọ tí yóò gba community college dé ẹ̀ka ẹnjiníà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ ti la irú èyí kọjá, ọmọbìnrin mi yóò wọ community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) nítòsí Los Angeles lọ́dún yìí, ó sì fẹ́ kọjá sí yunifásítì lẹ́yìn ọdún méjì láti kọ́ mechanical engineering. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ parí àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò, bí ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò yín, nítorí pé kò lè ṣe calculus (ìṣirò gíga) kejì láì yege nínú èkíní, ẹ̀kẹta ń dúró de èkejì, físíìsì tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe náà sì ń béèrè calculus. Sáà mẹ́rin péré ló wà nínú ọdún méjì. Bí ó bá fi sáà àkọ́kọ́ ka ìtàn nìkan, differential equations (ìṣirò tó tẹ̀ lé calculus) àti apá tó gbẹ̀yìn nínú físíìsì lè máà ráyè mọ́, ọdún kẹta yóò sì wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé precalculus, ìṣirò tó ṣáájú calculus, ló kù fún un, ẹ jẹ́ kí ó fi ìsinmi ìgbà ooru ṣe é.

Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ ṣí ASSIST.org, níbi tí àdéhùn àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ìjọba California wà. Bí ẹ bá ti yan kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, yunifásítì àti ẹ̀ka tí ó fẹ́, ẹ óò rí kọ́ọ̀sì tí yunifásítì ń béèrè lápá òsì, ẹ óò sì rí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dípò rẹ̀ lápá ọ̀tún. Níbi tí ẹ bá ti rí “No Course Articulated”, kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kò ní èyí tó dípò rẹ̀. Ẹ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ládùúgbò. Ẹ ṣe é fún yunifásítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí pé ní ti èdè kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lè béèrè C++ kí òmíràn béèrè MATLAB.

Kì í ṣe pé kí ó pa kọ́ọ̀sì gbogbogbòò tì o. University of California ń béèrè kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì méjì àti yúníìtì 60, nítorí náà kí ó máa fi ọ̀kan tàbí méjì kún ìṣirò ní sáà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti TAG, ìyẹn ìlérí ìgbaniwọlé tí àwọn ẹ̀ka University of California kan ń ṣe fún àwọn ọmọ community college, ẹ̀ka ti Berkeley, Los Angeles àti San Diego kì í ṣe é rárá, Santa Barbara tó ń ṣe é pàápàá kò fún ẹ̀ka ẹnjiníà. Oṣù kẹsàn-án ni fọ́ọ̀mù TAG. Fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé gan-an tẹ̀ lé e láti oṣù kẹwàá, nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọdún kejì. Máàkì ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni wọn yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá jù lọ ti calculus àti físíìsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ó má ṣe kó kọ́ọ̀sì tó le jọ ju agbára rẹ̀ lọ ní sáà kan.

Kí ó tó forúkọ sílẹ̀, ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, kí ẹ sì béèrè sáà tí wọ́n ń kọ́ statics (ẹ̀kọ́ nípa agbára lára ohun tó dúró sójú kan) àti físíìsì kọ̀ọ̀kan, torí àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ wọn.