Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá aràn wà nínú ọmọ mi?

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ní láàbù ló ń fi aràn inú hàn, torí inú rírun, ikùn wíwú àti àìjẹun dáadáa lè wá láti inú àìsàn mìíràn. Wọ́n á wo ìgbẹ́ náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù bóyá ẹyin aràn wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá rí i lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí ẹ tún un ṣe.

Ti aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú kí ìdí máa yún ọmọ lóru yàtọ̀: ẹyin rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìgbẹ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù tẹ ihò ìdí ọmọ láàárọ̀, kó tó wẹ̀ tàbí kó tó yàgbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí láàbù.

Albendazole, ìyẹn oògùn aràn, 400 mg lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń lò. 200 mg ni ti ọmọ tó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì. Fún aràn tó ń mú ìdí yún, gbogbo ará ilé ló yẹ kó lò ó, kí wọ́n sì tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Aláboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ lò ó.

Bí abẹ́ ìpéǹpéjú ọmọ bá funfun, tó sì ń rẹ̀ ẹ́, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, torí aràn kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀.